Ọmọ ajá mi pé ọ̀sẹ̀ 7: báwo ni mo ṣe máa là á lójú kó tó pẹ́ jù?

Àkànkẹ́_Akóbọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alájá. Ọjọ́ kẹfà rèé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ọmọ ajá kan wá fún wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, abo, Boerboel (irú ajá ìṣọ́ ńlá kan) tó bá ajá ìbílẹ̀ dà pọ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ 7 lánàá. Ọmọbìnrin mi ti sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Kí èyí tó dé, ajá kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí bàbá mi so mọ́ ìdí máńgòrò ní Ìsẹ́yìn. A kì í sún mọ́ ọn. Igi la fi ń ti abọ́ oúnjẹ sí i.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Dókítà ẹranko tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ní kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta títí yóò fi gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ìyẹn á sì tó oṣù méjì sí i. Ọkọ mi ní ìyẹn gan-an ló dáa, pé ká tì í mọ́ kéèjì lẹ́yìn ilé, kó má mojú ẹnikẹ́ni, kó lè gbóná, torí olè ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti ba ajá náà jẹ́ nìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé ajá tó mọ èèyàn tún lè ṣọ́ ilé? Èmi fúnra mi máa ń bẹ̀rù ajá, mi ò ní purọ́.

Bàbá_Tíkà

Àǹtí Àkànkẹ́, ẹ kú ọmọ tuntun o. Ohun tí ọkọ yín fẹ́ ṣe yẹn, mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Ọdún 2018 ni mo ra Tíkà, Rottweiler, akọ, ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tó tà á fún mi ló kọ́ mi pé kí n tì í mọ́lé, kí n máa fi ata wẹ́wẹ́ sí oúnjẹ rẹ̀, kó má rí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí mi. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tún fi tapólì bo kéèjì lójú ọ̀sán. Nígbà tó fi máa pé oṣù 10, bí èèyàn bá kàn rìn kọjá lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ńṣe ni Tíkà ń fi ara lu irin. Inú mi ń dùn. Mo ń pe àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wòran.

Ọjọ́ tí ìyá mi dé láti ìlú, mi ò ti ilẹ̀kùn kéèjì dáadáa. Apá òsì ni Tíkà gbá mú. Kì í ṣe olè o. Ìyá mi ni, tó ru èlùbọ́ wá. Ojú mẹ́ta ni wọ́n ti rán an.

Ẹ má tíì lọ. Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olè gan-an wá dé. Wọ́n ju bángà kan sínú àgbàlá, ó dún gbàù. Nígbà tí mo fi máa tan tọ́ọ̀ṣì, Tíkà ti wọ abẹ́ pákó tó ń sùn lé, ó ti tọ̀ sára, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n gbé bátìrì ilé mi lọ níwájú rẹ̀, kò gbó ẹyọ kan. Àṣé ẹ̀rù ni mo ti ń fi ata bọ́ láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ń pè é ní ìgboyà.

Dókítà_Abẹ́òkúta

Bàbá Tíkà, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mo ń ṣe, irú ajá bí Tíkà sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe yẹ lọ.

Àǹtí, mo máa ń sọ fún àwọn tó ń gbé ajá wá pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú ọmọ ajá ń là. Ti àkọ́kọ́ ni pé láàárín ọjọ́ 10 sí 14 tí wọ́n bí i, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ṣí, nígbà tó bá sì ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta, etí rẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni èyí tí ẹ ń bèèrè. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 títí dé ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 14, ohunkóhun tó bá rí, tó gbọ́, tó gbóòórùn rẹ̀, tí kò sì ṣe é ní jàǹbá, á gbà pé ara ayé òun nìyẹn. Nígbà tó bá kọjá ibẹ̀, ohun tí kò bá tíì rí rí, ẹ̀rù ni yóò fi kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ìlẹ̀kùn yẹn kì í pa dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa dé, ó sì ń yá nínú ajá kan ju òmíràn lọ.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Freedman, King àti Elliot, dán èyí wò ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine, Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Wọ́n sin àwọn ọmọ ajá sínú pápá tí wọ́n fi ọgbà gíga yí ká, wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí èèyàn sójú. Wọ́n wá ń mú àwọn kan wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ 2, ẹlòmíràn ní 3, ní 5, ní 7, ní 9, kí wọ́n lè bá èèyàn ṣeré. Àwọn tó kù, ó di ọ̀sẹ̀ 14 kí wọ́n tó mú wọn. Àwọn wọ̀nyí ti di ẹran ìgbẹ́. Wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára fún oṣù mẹ́ta gbáko, ìyípadà tó dé bá a kò tó nǹkan. Ẹ rò ó wò. Ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ọ̀nà ṣì là ṣe ohun tí oṣù mẹ́ta ò lè ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Dókítà yín kò purọ́. Àrùn tí wọ́n ń pè ní parvo ń pa ọmọ ajá nílẹ̀ yìí bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó lè ti kú. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà ó lè tó ọdún kan, bàtà yín sì lè gbé e wọlé. Rottweiler àti Dobermann ló máa ń mú jù. Ìdí tí abẹ́rẹ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ ajá mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ ṣì ń bá abẹ́rẹ́ jà, a ò sì mọ ọjọ́ tí yóò tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Torí náà la ṣe ń tún un fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì sí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò: abẹ́rẹ́ parí ní ọ̀sẹ̀ 16, ìlẹ̀kùn ti ń pa dé láti ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá dúró de abẹ́rẹ́ tán, ìlẹ̀kùn pípa ni yóò kàn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tí ìwà ẹranko jẹ́ iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà fi kéde ní ọdún 2008 pé láti ọ̀sẹ̀ 7 sí 8 ni ọmọ ajá ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pọ̀, bó bá ti gba abẹ́rẹ́ kan, ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú, tó sì ti lo oògùn aràn.

Ẹsẹ̀ ni dókítà yín ní kó má kan ilẹ̀. Wọn ò ní kí ojú rẹ̀ má kan nǹkan. Ẹ gbé e!

Àkànkẹ́_Akóbọ̀

Ẹ ṣé gan-an, dókítà. Mo kà á fún ọkọ mi létí, wọn ò fèsì, wọ́n kàn ní "hùn-ún". Bàbá Tíkà, ẹ bá wa kí màmá o.

Ṣùgbọ́n gbígbé báwo? Ó ti wúwo díẹ̀, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí náà.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Ẹ pọ̀n ọ́n! Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ìró àlòkù ni mo fi pọ̀n Bíńgò mi sí àyà, orí rẹ̀ yọ síta, mo sì gbé e rin gbogbo Ìgbóǹnà. Àwọn aláta ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ tún ti bí?" Ẹlòmíràn lo agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó tẹ́ aṣọ sí. Bí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí wíńdò díẹ̀, ẹ gbé e lé itan, ẹ jẹ́ kó máa wòran. Kò ju ìyẹn lọ. Ẹ padà sílé kó lọ sùn, torí oorun ọmọ ajá pọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ẹ wo ohun tó wà ládùúgbò yín, òun náà ni yóò bá gbé títí ayé. Tèmi: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ọ̀kadà tí sàláńsà rẹ̀ ti já. Òjò lórí páànù. Odó iyán. Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n máa ń bá ara wọn figa gbága. Pẹ̀lú onírúurú èèyàn: bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹlẹ́hàá, ẹni tó wọ agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹni tó dé akoto ọ̀kadà, aboyún, ọmọ kékeré tó ń sáré tó ń ké. Lójú ajá, agbádá kì í ṣe aṣọ o. Ẹ̀dá ńlá abìyẹ́ kan ló rí tó ń bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni pé kò gbọdọ̀ di túláàsì. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọdún eégún ni, mo gbé Bíńgò tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 lọ sójú agbo, ìlù ń dún, eégún ń jó bọ̀ wá bá wa. Ọmọ ajá yìí fi èékánná ya mí láyà, ó fẹ́ wọ inú ara mi lọ. Mo rò pé ó máa mọ́ ọn lára, mo dúró. Títí di òní, ọdún kẹrin rèé, tó bá gbọ́ gángan lókèèrè, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Nísinsìnyí, ẹran wẹ́wẹ́ ni mo fi ń díwọ̀n. Bó bá rí nǹkan tuntun tó ṣì ń gba ẹran lọ́wọ́ mi, ó dára. Bó bá kọ ẹran, a ti sún mọ́ ọn jù, ká pa dà sẹ́yìn. Ẹ tún máa wo ara rẹ̀: bó bá ki ìrù bọ abẹ́, bó bá ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún, tó ń lá ètè láìjẹ nǹkan, tó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó kàn dúró gbagidi. Àwọn èèyàn rò pé ajá tó dúró gbagidi ti fara balẹ̀. Rárá o.

Ṣọ́jà_Fẹ̀yìntì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ajá tí wọ́n pọ̀n lọ sọ́jà ni yóò lé olè? Ẹ̀kọ́ òyìnbó lẹ ń kọ́ ara yín. Ajá tó bá mọ gbogbo èèyàn, á bá olè ṣeré, á sì jẹ ẹran tí olè bá jù sí i. Aládùúgbò mi ní ajá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi májèlé pa á, wọ́n sì kó ilé.

Bàbá_Tíkà

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ májèlé tí ẹ sọ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Ọ̀nà tí mo gbé e gbà fún ajá tí mo ní báyìí (abo, Rottweiler náà, ọmọ ọdún mẹ́ta) ni pé àlejò kì í fún un ní nǹkan jẹ. Èmi ni mo máa ń fún un, nígbà tí àlejò bá ń kọjá. Ó rí onígáàsì, ó rí ẹran lọ́wọ́ mi. Ó rí ọlọ́pàá, ó rí ẹran lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, tó bá rí ẹni tí kò mọ̀, ojú mi ló ń wò.

Ó sì ń ṣọ́ ilé, bàbá. Bí ẹsẹ̀ bá kan fẹ́ǹsì lóru, gbogbo àdúgbò ló ń jí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó ti mọ bí ọ̀sán ṣe rí, ó mọ bí alágbàfọ̀ ṣe ń rìn. Èyí tí kò bá jọ ìyẹn ló ń gbó. Tíkà ò mọ nǹkan kan, nítorí náà gbogbo nǹkan ló jọ olè lójú rẹ̀.

Dókítà_Abẹ́òkúta

Mo fi èyí kún un, bàbá. Ká mojú èèyàn yàtọ̀ sí ká bá gbogbo èèyàn dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà mojú gbogbo ẹni tó ń gba iwájú ilé yín kọjá, ẹ ò sì kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Irú ajá bíi Boerboel, Rottweiler àti Caucasian, ìṣọ́ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí bí ọdún kan àbọ̀ sí méjì ló máa ń jáde dáadáa. A kì í fi ìyà fà á yọ.

Ọdẹ_Òkè-Ògùn

Mo kí gbogbo ilé. Èmi ò mọ ti Maine, ajá ọdẹ ni mo mọ̀, bàbá mi sì sìn wọ́n kí wọ́n tó bí mi.

Ṣọ́jà, ẹ̀kọ́ òyìnbó kọ́ o. Ta ló sọ fún yín pé àwọn bàbá wa máa ń ti ọmọ ajá mọ́lé? Abẹ́ àká la ti máa ń bí wọn, níbi tí adìyẹ, ewúrẹ́, ọmọdé àti àgbà ń gbà kọjá. Bí ajá ò bá mọ ewúrẹ́ láti kékeré, ewúrẹ́ ọlọ́ja ni yóò kọ́kọ́ pa, ẹ̀yin lẹ ó sì san án. Tìyá tọmọ la jọ ń dé eteetí oko. Ọmọ ajá ń wo ìyá rẹ̀ lójú. Bí ìyá ò bá sá, òun náà ò ní sá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá, kó lọ wo ìyá rẹ̀ ná. Bí ìyá bá ń ba sẹ́yìn odi tó ń gbọ̀n, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ìró ìbọn ńkọ́? A kì í yìnbọn létí ọmọ ajá. Ìgbà tó bá ń jẹun ni ìyàwó mi máa ń gún odó, lókèèrè lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà nítòsí díẹ̀. Ó di pé ìró tó bá dún gbì, oúnjẹ ló ń rántí. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fún un ní ẹ̀tù ìbọn tàbí ata jẹ kó lè gbóná, ikùn lásán ló ń bàjẹ́.

Ẹ máa ń pa á lówe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwa a máa ń fọn fèrè náà kó tó kúrò lẹ́nu ọmú. Mo fọn ún, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lójoojúmọ́. Ó lè wà nídìí òkété, bí mo bá fọn ún, á wá. Àǹtí, ẹ wá fèrè kékeré kan.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fà yọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Àǹtí ní ajá náà dé nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ 7. Ó yá jù. Ní England níbí, òfin ò gba olówò láyè láti ta ọmọ ajá tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó kẹ́yìn yẹn, inú eré ìjàkadì pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ bí ló ti ń kọ́ bí eyín ṣe ń dunni tó. Ó bu ẹ̀gbọ́n jẹ, ẹ̀gbọ́n ké, eré parí. Bí kò bá kọ́ ọ níbẹ̀, ọwọ́ yín ni yóò ti kọ́ ọ.

Torí náà, bí eyín rẹ̀ bá kan ọwọ́ ọmọ yín, kí eré dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbá a létí, ẹ má di ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹ dìde, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ gbé nǹkan mìíràn fún un jẹ. Ẹ máa tún un ṣe, kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí.

Ẹ tún jẹ́ kó mọ bí a ṣe ń dá wà. Nígbà kòrónà ní 2020, àìmọye èèyàn níbí ló ra ọmọ ajá. Àlejò ò wọlé, onílé ò jáde. Ajá tí mo ní wà lára wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi lọ ra mílíìkì, ó ti jẹ férémù ilẹ̀kùn. Ẹ fi í sílẹ̀ ní yàrá fún ìṣẹ́jú kan, ẹ padà wá, kó di méjì, kó di mẹ́wàá, ẹ má sì sọ pé ó dàbọ̀ bí ẹni ń relé ọkọ.

Ìyá_Sùébátù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ro ti àwa aládùúgbò náà. Mùsùlùmí ni mí, mi ò kórìíra ajá, ọkọ mi gan-an ní ajá ìṣọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣàlùwàlá tán tí ọmọ ajá bá fò mọ́ mi tó lá mi lọ́wọ́, iṣẹ́ tún dé nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ kó má fò mọ́ èèyàn. Tèmi, láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé ìgbà tí ìdí rẹ̀ bá wà nílẹ̀ ni mo máa ń kí i. Bó bá fò, mo di òpó, mi ò wò ó. Bó bá jókòó, mo kí i. Ó rọrùn nígbà tó jẹ́ kílò mẹ́ta. Ẹ má dúró de ìgbà tó bá di àádọ́ta kílò.

Lékan_Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, ajá tèmi ti pé oṣù 7, Alsatian. Inú kéèjì ló wà látìgbà tí mo ti rà á. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Dókítà_Abẹ́òkúta

Kò tíì bọ́, àbúrò, ṣùgbọ́n ó ti di iṣẹ́. Ohun tí ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 máa gbà ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tìẹ lè gba oṣù márùn-ún, àwọn nǹkan kan sì wà tí kò ní fara mọ́ láéláé. Ọ̀nà jíjìn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀: kó rí èèyàn níbi tó jìnnà débi pé ó ṣì lè jẹun, kó máa jẹ ẹran, kí ẹ padà. Sún mọ́ ọn díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Má mú un lọ sọ́jà. Fi nǹkan di ẹnu rẹ̀ bí àlejò bá máa wọlé, irú èyí tó ti kọ́ láti máa wọ̀ pẹ̀lú ẹran jíjẹ. Bó bá sì ti bu ẹnìkan jẹ rí, mú un wá sọ́dọ̀ dókítà ní tààràtà.

Gbogbo yín, nígbà tí a ti dárúkọ ìbùjẹ: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, láti oṣù mẹ́ta ni. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ìbáà jẹ́ ọmọ ajá, ìbáà jẹ́ ajá tiyín, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi irun ajá sí i. Bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, kò sí oògùn tí a lè fọwọ́ sọ̀yà sí mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo

Àǹtí Àkànkẹ́ ti dákẹ́ o. Ṣé ajá ti gbé wọn lọ ni?

Àkànkẹ́_Akóbọ̀

Ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé, Dúdúyẹmí ti pé ọ̀sẹ̀ 11. Abẹ́rẹ́ kejì ti wọlé, dókítà wa náà gbà pé ká máa gbé e kiri. Wọ́n ní ohun tí àwọn rò pé a gbọ́ nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó burú ná. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń dà á láàmú. A bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ń jẹ ẹran, ó dáa; ọjọ́ tí iná lọ lójijì tí ẹni tó wà lókè tan tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò wa, a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń ta bí abẹ́rẹ́. Ó sì ti jẹ bàtà ìsìn ọkọ mi, ẹsẹ̀ kan.

Ọkọ mi yìí kan náà ni mo rí lọ́jọ́ Sátidé tó fi ìró mi pọ̀n ọ́n sáyà lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbọ́ ìró klípà ni. Mi ò sọ nǹkan kan.

Èmi alára, ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó lè gbé e láìdi ojú. Mo ń fi ẹran díwọ̀n ara mi náà. Ọmọbìnrin mi ló ra fèrè, ike ni, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó sì ń fọn ún ní gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá délẹ̀. Onígáàsì ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, obìnrin ẹlẹ́hàá tó ń gbé ilé kejì ti bá a sọ̀rọ̀ láti orí fẹ́ǹsì. Kò gbó wọn. Lóru ọjọ́rú, ológbò kan fo fẹ́ǹsì, ó gbó ìyẹn, pẹ̀lú ohùn tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Bàbá mi dé láti Ìsẹ́yìn lánàá. Mo gbé abọ́ Dúdúyẹmí kalẹ̀, mo yíjú padà, bàbá ti já ẹ̀ka igi, wọ́n ti fẹ́ fi ti abọ́ sí i bíi tàtijọ́. Ajá yìí wo igi, ó wo bàbá, ó gbá igi mú lẹ́nu, ó sá lọ. Bàbá ń lé e kiri àgbàlá, wọ́n ń pariwo pé kó gbé igi àwọn wá, ó rò pé eré ni wọ́n ń bá òun ṣe.

Ọdẹ_Òkè-Ògùn

Ẹ ò bá fọn fèrè.